Ọwọ́ Tó Di Àkàbà Mú ní Ìkòsí

Ẹ má tíì pè mí ní òpùrọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán ná. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ka oríṣiríṣi ìtàn òkú lórí fóònù, tí ẹ sì fi rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n eléyìí, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i. N ò mutí, n ò sùn, ara mi ò gbóná.

Kì í tiẹ̀ ṣe òru. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni, ọjọ́ Sátidé, oòrùn ń ràn bí ẹni bínú.

Ilé ìwádìí kan wà ní Ìkòsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ láti bí ọdún mẹ́sàn-án. N ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ má bi mí. Búlọ́ọ̀kù, irin àti kọnkéré là ń dán wò níbẹ̀, ká lè mọ bí ẹrù tí wọ́n lè gbé ṣe pọ̀ tó kí wọ́n tó fọ́. Àwọn tó ń kọ́lé ló ń kó wọn wá. Èmi ni mò ń kọ èsì sínú ìwé. Tábìlì mi wà ní igun gbọ̀ngàn tí àwọn ẹ̀rọ wà, nítorí náà kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí n kì í rí.

Kọnkéré mìíràn wà tí ọkùnrin mẹ́rin ò lè gbé. Ṣéènì la fi ń gbé irú wọn. Irin gígùn kan wà lókè lábẹ́ àjà, ẹ̀rọ ṣéènì á máa rìn lára rẹ̀ láti ìhín dé ọ̀hún, ìkọ́ ńlá sì wà nísàlẹ̀ ṣéènì náà. Mùkáílà ló ń darí rẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni Mùkáílà. Ó ga, ó tínrín, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Ẹ lè wà pẹ̀lú rẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kó má sọ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ. Ṣùgbọ́n tó bá ti kan ọ̀rọ̀ àkàbà àti ṣéènì, kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Láràárọ̀ ló máa ń fọwọ́ kan ṣéènì yẹn ní ojú kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka tẹ̀súbà. Bí ẹ bá gba abẹ́ ẹrù tó so rọ̀ kọjá, á dá iṣẹ́ dúró.

“Aunty mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lábẹ́ ẹ̀. Ṣéènì ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Aunty.”

Bó ṣe máa ń sọ fún mi nìyẹn.

Nígbà tó yá, rọ́bà ẹsẹ̀ àkàbà wa kan já. Àkàbà tí kò ní rọ́bà lẹ́sẹ̀, tó bá wà lórí ilẹ̀ dídán, yíyọ̀ ló máa yọ̀, ọmọdé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mùkáílà sọ fún wọn, wọn ò dá a lóhùn. Ló bá gé páálí pupa kan, ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé: Ẹ MÁ GÙN MÍ, ẸSẸ̀ KAN Ń DÙN MÍ. Ó fi okùn so ó mọ́ àkàbà náà. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí.

Ọ̀gá wa, Engineer ni gbogbo wa ń pè é. Magodo ló ń gbé. N ò ní purọ́ mọ́ ọn pé ènìyàn burúkú ni látòkèdélẹ̀. Ó máa ń béèrè àwọn ọmọ mi lọ́wọ́ mi, ó sì mọ orúkọ wọn. Wàhálà tiẹ̀ ni pé ó máa ń kánjú, kò sì gbà pé ọmọ iṣẹ́ lè sọ fún òun pé rárá.

Àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè kan, oníbàárà kan láti Gbàgádà ti ń retí èsì rẹ̀. Mùkáílà gbé kọnkéré rẹ̀ sókè, ó ń tì í lọ sídìí ẹ̀rọ, ni ẹ̀rọ ṣéènì bá há sára irin lókè. Kò lọ, kò bọ̀. Kọnkéré náà so rọ̀ síbẹ̀, ó ga tó àyà ènìyàn.

Engineer ní, “Gòkè lọ tú u.”

Mùkáílà ní, “Engineer, ẹ jẹ́ ká sọ ẹrù kalẹ̀ ná. Àkàbà yẹn náà ò dáa.”

“Ta ló tún máa gbé e sókè padà? Kò tó ìṣẹ́jú méjì. Èmi fúnra mi ni màá dì í mú fún ẹ.”

Ó tú páálí pupa yẹn, ó fi sápò.

Mùkáílà wò mí. Mo tẹ orí ba sínú ìwé mi. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, aláwọ̀ òféèfèé kan tí gírísì ti sọ àtàǹpàkò rẹ̀ di dúdú, ó sì gòkè. Nígbà tó dé òkè, ó bojú wolẹ̀.

“Engineer, ẹ dì í mú dáadáa o.”

“Mo ti dì í mú.”

Fóònù Engineer wá dún. Ẹ gbà mí gbọ́, mo rí i kedere bí mo ṣe ń rí ọwọ́ ara mi. Ó yọ ọwọ́ ọ̀tún láti fi gbé fóònù, ó wo orúkọ tó wà lójú rẹ̀, ó gbé e sétí. Bóyá kò gbọ́ ohun tí onítọ̀hún ń sọ, n ò mọ̀. Ó yọ ọwọ́ òsì náà, ó sì rìn lọ sọ́nà ẹnu ilẹ̀kùn. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré.

Mo ya ẹnu láti pariwo. Ohùn ò jáde.

Àkàbà yọ̀. Mùkáílà fi ẹ̀yìn wá, orí rẹ̀ sì gba etí kọnkéré tó so rọ̀ yẹn. N ò ní sọ bó ṣe dún. Kó tó dé ọsibítù, ó ti lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Engineer gbé ìwé kan wá sórí tábìlì mi. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Mùkáílà dá gòkè fúnra rẹ̀, pé kò sẹ́ni tó rán an, pé kò sẹ́ni tó wà nídìí àkàbà, àti pé kò ka ìkìlọ̀ tó wà lára àkàbà sí. Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Ìkìlọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni wọ́n fi dá a lẹ́bi.

Ó ku kí ẹnì kan fọwọ́ sí i pé òun rí i bẹ́ẹ̀.

“Aunty, ẹ jọ̀ọ́,” Engineer ní. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ti sunkún. “Wọ́n á ti ilé yìí pa. Gbogbo wa la máa jókòó sílé. Ẹni tó ti kú ti kú.”

Mo fọwọ́ sí i. Ẹ bú mi bí ẹ bá fẹ́. Mo ti bú ara mi ju bí ẹ ṣe lè bú mi lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyàwó Mùkáílà wá kó ẹrù rẹ̀. Ìyá Fáwàsì là ń pè é. A kó bàtà rẹ̀ àti fìlà rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n gbogbo ibi la wá ìbọ̀wọ́ yẹn dé, a ò rí i. Ó dúró níwájú tábìlì mi.

“Aunty, ṣé lóòótọ́ ló dá gòkè? Ọkọ mi kì í gun àga nínú ilé láìjẹ́ pé mo dì í mú fún un.”

N ò lè wo ojú rẹ̀. Mo ní, “Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ náà ni.”

Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Wọ́n ra àkàbà tuntun. Rọ́bà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó lágbára, ó ń dán. Bí oṣù mẹ́rin kọjá láìsí nǹkan kan. Àárọ̀ ọjọ́ kan la dé, tí a bá páálí pupa lára rẹ̀.

Ẹ MÁ GÙN MÍ.

Ó mọ níbẹ̀. Engineer bínú gan-an, ó ní àwọn ọmọ iṣẹ́ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ó já a dànù. Lọ́jọ́ kejì a tún bá a níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó lọ sun ún lẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀, ó dúró tì í títí tó fi jóná tán. Mo sún mọ́ ọn wò kó tó jóná. Ẹ jọ̀ọ́, mo ti ka ìkọ̀wé Mùkáílà fún ọdún mẹ́fà. Ó máa ń fa ìrù lẹ́tà G wálẹ̀ bí ìrù eku. Ìrù yẹn wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ iṣẹ́ tó gbà láti gun àkàbà tuntun yẹn mọ́.

Ó wá di ọjọ́ Sátidé tí mò ń sọ yìí. Àwọn tó ń yẹ ààbò iṣẹ́ wò ń bọ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdé, Engineer sì ní kí n wá bá òun to àwọn ìwé. Àwa méjì la wà nínú gbọ̀ngàn. Ẹnì kẹta ni Bàbá tó ń ṣọ́ géètì, òun sì wà níta. Engineer ń fa ṣéènì síwá sẹ́yìn, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń rìn dáadáa. Ó kàn dédé há. Ibi tó há sí lọ́jọ́ yẹn gan-an ló tún há sí.

Ó dúró, ó wòkè fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé àkàbà.

“Màá gùn ún fúnra mi. Kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Aunty, ẹ wá bá mi dì í mú.”

Mo ní, “Mò ń bọ̀, sà.” Mo yíjú láti ti kọ́bọ́ọ̀dù ìwé. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ máa ń le díẹ̀. Bí mo ṣe ń yí i, mo gbọ́ ohùn Engineer.

“Ẹ ṣeun, Aunty. Ẹ dì í mú báyẹn.”

Ìdí kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ṣì wà. Láti ibẹ̀ dé ìdí àkàbà tó ìṣísẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Mo rọra yíjú padà.

Ọwọ́ méjì ló di àkàbà mú. Ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ òféèfèé, àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú fún gírísì. Ọwọ́ náà dé ìgbọ̀nwọ́. Lẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́, ògiri ni mò ń rí. Ẹ gbà mí gbọ́. Ògiri funfun, àti kàlẹ́ńdà tó kọ́ sára rẹ̀.

Ẹ ti gbọ́ nípa àkúdàáyà tí àwọn àgbà máa ń sọ, ẹni tó kú síbí tó lọ ń gbé ìlú mìíràn, tó tún ní ìyàwó níbẹ̀. Eléyìí kì í ṣe irú ìyẹn. Eléyìí ò lọ síbì kankan.

Mo ya ẹnu láti pe Engineer. Etí mi bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni pé ẹnu onítọ̀hún fẹ́ẹ̀ kan etí mi. Mo gbóòórùn gírísì.

“Aunty mi, ẹ dákẹ́. Ẹ ṣáà mọ̀ ọ́n ṣe.”

Mo dákẹ́. Ọlọ́run ló mọ̀ bóyá n ò lè sọ̀rọ̀ ni àbí n ò fẹ́ sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń bá ara mi fà títí di òní.

Engineer ti dé òkè. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ ṣéènì náà. Kò bojú wolẹ̀ rárá.

“Aunty, ẹ dì í mú dáadáa o.”

Ohùn ọkùnrin ló dá a lóhùn láti ìsàlẹ̀. Kò ròkè.

“Mo ti dì í mú.”

Engineer bojú wolẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀. N ò mọ ohun tí òun rí o, bóyá apá nìkan ni bíi tèmi, bóyá ó rí i tán porogodo. Àwọ̀ ara rẹ̀ kàn yí padà. Ó fẹ́ẹ̀ sọ pé, “Mùká...”

Ọwọ́ ọ̀tún fi àkàbà sílẹ̀. Kò kánjú. Ó gòkè díẹ̀díẹ̀, ó dúró síbi tí ìbá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ etí, bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé fóònù. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ òsì fi í sílẹ̀.

Àkàbà tuntun, rọ́bà rẹ̀ pé. Kò yọ̀. Ṣe ló rìn. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló rìn lọ sọ́nà ẹnu ilẹ̀kùn, Engineer sì jábọ́.

Kò kú. Ẹ̀gbẹ́ ìdí àti egungun ẹ̀yìn ló fi gbalẹ̀. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò wò mí, ẹ̀yìn mi ló ń wò, ó ń bẹ̀bẹ̀. “Ó tó, ó tó.” Ohun tó ń sọ nìyẹn títí Bàbá géètì fi sáré wọlé. Bí mo ṣe bojú wẹ̀yìn, àkàbà nìkan ni mo rí nílẹ̀.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ìwé kan wá sórí tábìlì mi láti ọ́fíìsì àgbà. Wọ́n ti tẹ òun náà. Engineer ti sọ tẹnu rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Ó ní èmi ni mo di àkàbà mú, èmi ni mo fi í sílẹ̀, mo lọ gbé fóònù.

N ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ ni. Ó lè jẹ́ pé ó ń bẹ̀rù láti dárúkọ ẹni tó rí. Ọ̀kan náà ni lójú ìwé.

Ọ̀dọ́kùnrin tó gbé e wá ní, “Aunty, bí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ dì í mú, ta ni?”

Kí ni kí n sọ? Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí, kí lẹ̀yin ìbá sọ?

Mo bẹ Bàbá géètì pé kó bá mi jẹ́rìí pé ara kọ́bọ́ọ̀dù ni kọ́kọ́rọ́ mi ṣì wà nígbà tó wọlé. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, ìta ni mo wà. Ẹ má fi mí sí i.” N ò bínú sí i. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bínú sí i?

Mi ò fọwọ́ sí ìwé yẹn. Mo mú bíírò, mo sì kọ tèmi. Mo kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ Túsìdeè sílẹ̀ látòkèdélẹ̀: àkàbà tí ẹsẹ̀ kan ń dùn, páálí pupa, fóònù, ìṣísẹ̀ mẹ́ta, àti irọ́ tí mo fọwọ́ sí. Mo kọ ti ọjọ́ Sátidé náà, bí mo ṣe rí i. Mo fún wọn. Wọ́n kà á, wọ́n ní kí n ṣì máa lọ sílé ná.

Mo gba ilé Ìyá Fáwàsì lọ ní Alápẹ̀rẹ̀. Aṣọ ló ń lọ̀ nígbà tí mo wọlé, yàrá kan ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo kúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo dàgbà jù ú lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. N ò fi ọ̀kan pamọ́.

Kò sunkún. Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

“Ẹ ní ó wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀?”

“Ó wọ̀ ọ́.”

“Mo ti ń wá a.” Ó ká aṣọ kan tó ti lọ̀ tán. “Ó ti lé ní oṣù mẹ́rin, Aunty. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn ń sọ pé aláìgbọràn ni, pé orí kunkun ló pa á. Ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ẹ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.”

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo ti kọ òtítọ́ báyìí. Ẹ sọ fún un pé ó tó.”

Ó tún gbé áyọ́ọ̀nù. Ó ń lọ̀ kọ́là aṣọ ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, ó rọra ń yí i.

“Èmi kọ́ ni mo rán an níṣẹ́. N ò sì ní bá yín pè é padà.”

Mo dìde. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó tún sọ̀rọ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ fún àlejò tó ń lọ náà ló sọ.

“Ẹ rọra lórí àtẹ̀gùn o.”

Ìdí ni mo fi sọ̀kalẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá, àwọn aráalé ń wò mí. Láti òkè dé ilẹ̀, mò ń gbóòórùn gírísì lẹ́yìn mi.

Àná ni ọ́fíìsì àgbà pè mí. Wọ́n ti ka ìwé mi dáadáa, wọ́n fẹ́ kí n wá sọ ọ́ tẹnutẹnu ní Mọ́ńdé. Àjà kẹta ni wọ́n wà. Mo bi wọ́n bóyá ẹnì kan lè sọ̀kalẹ̀ wá bá mi nísàlẹ̀. Wọ́n ní rárá, kí n gòkè wá.

Màá lọ. N ò mọ bí mo ṣe máa bọ̀.

Nítorí náà ẹ̀yin tí ẹ ń bá àkàbà àti ṣéènì ṣiṣẹ́, mo bẹ̀ yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ di òun mú, ẹ má fi í sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì á fi kan ilẹ̀, bó ti wù kí fóònù yín dún tó. Bí ó bá sì ti ṣubú, tí wọ́n gbé ìwé wá fún yín, ẹ kọ ohun tí ojú yín rí lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má jẹ́ kó dọ̀la. Èmi jẹ́ kó dọ̀la.